Hilux D4D ń kú lójú ọ̀nà tí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í sì í jí títí yóò fi sinmi

Oníṣu Ìgbájà

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ọ̀gá onídísù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kí n tó ná owó tí n kò ní rí gbà padà.

Hilux 2008 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnì 2KD-FTV, 2.5 D4D (ẹ́ńjìnì dísù Toyota tí kọ̀ǹpútà ń darí), jíà ọwọ́. Iṣu àti sìmẹ́ńtì ló ń kó láàárín Ìgbájà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ìlọrin. Tó bá ṣófo, kò sí wàhálà kankan. Tí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì ń gun òkè, á kọ́kọ́ máa já lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé wọ́n ń fà á sẹ́yìn, lẹ́yìn náà á kú. Kò sí ariwo irin, kò sí èéfín dúdú. Sítátà ń yí i dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní gbà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 sí 45 á jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí.

Ó máa ń ṣe é jù nígbà tí dísù bá ti wálẹ̀ kọjá ìdajì tánkì. Pọ́ǹpù ọwọ́ orí fílítà máa ń rọ̀ pẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn tó bá kú. Iná ẹ́ńjìnì tàn lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Iná omi inú dísù ò tàn rí. Fílítà dísù jẹ́ tuntun, bátìrì náà tuntun.

Mẹkáníìkì kan ní pọ́ǹpù ńlá ló ti bàjẹ́. Èkejì ní nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn tó ń yin dísù sínú ẹ́ńjìnì, ni ká pààrọ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ owó kékeré nínú méjèèjì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Mẹkáníìkì Gánmọ̀

Wàálékúmù sàlámù. Ẹ má ra pọ́ǹpù, ẹ má ra nọ́sù. Nǹkan méjì wà nínú ohun tí ẹ kọ tó ń tọ́ka sí ọ̀nà tí dísù ń gbà wá: pọ́ǹpù ọwọ́ tó ń rọ̀, àti tánkì tó ti lọ sí ìdajì.

Kò sí pọ́ǹpù kankan nínú tánkì D4D yìí. Pọ́ǹpù ńlá ara ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń fa dísù láti ẹ̀yìn ọkọ̀ wá síwájú, bí ọmọdé ṣe ń fi sítúrọ́ọ̀ fa mínírà. Tí sítúrọ́ọ̀ bá lu tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ ni ọmọ á máa fà mu. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní rí dísù kó máa kán sílẹ̀ níbi tó ti lu: afẹ́fẹ́ ló ń wọlé, dísù kì í jáde. Ọkọ̀ tó ṣófo kì í béèrè dísù púpọ̀, ìwọ̀nba tó ń rí á tó o. Ẹrù àti òkè ló ń tú àṣírí.

Nígbà tó bá tún kú, ẹ má dúró kó tutù. Ẹ yáa ṣí ìdérí tánkì, kí ẹ fetí sílẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ wọlé fùùù, ihò tí tánkì fi ń mí ló dí, ẹ fọ ìdérí náà tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí kò bá dún, ẹ tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ títí á fi le, ó lè tó ìgbà 30 tàbí 60, kí ẹ wá sítáàtì. Tó bá jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a jẹ́ pé ooru kọ́ ló ń pa á. Gbogbo ìṣẹ́jú 30 tí ẹ fi ń dúró, ẹ ń rò pé ó ń tutù ni, dísù ló ń rọra padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó le gbagidi, tí kò sì jí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ tánkì, ó di ti wáyà tàbí ti pọ́ǹpù ńlá.

Ẹ kíyè sí ìṣe pọ́ǹpù ọwọ́ náà dáadáa, torí rírọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Èyí tó ń rọ̀, tí kò le láéláé, afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Èyí tí ẹ tẹ̀, tó sì dúró sísàlẹ̀ tí kò gòkè padà, nǹkan ló dí lẹ́yìn rẹ̀: asẹ́ inú tánkì, tàbí róbà tó ti pa pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá róbà tó mọ́ gaara, tí inú rẹ̀ jẹ́ 8 mm, gígùn bí 30 cm, pẹ̀lú kílípù. Ẹ fi sáàárín páìpù tó ń bọ̀ láti tánkì àti ẹnu fílítà. Ẹ sítáàtì, kí ẹ mú un ní 2,500 RPM fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, kí ẹ máa wo róbà náà. Afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ò burú. Tí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ ti mú olè.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀ pátápátá, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì dán an wò. Kẹ́ẹ̀gì 10 lítà tó mọ́, dísù tó mọ́ nínú rẹ̀, ẹ so ó gírígírí sí iwájú ibi ẹrù. Ẹ fa róbà láti inú kẹ́ẹ̀gì wá sí ẹnu fílítà, kí ẹ sì da róbà ìpadà padà sínú kẹ́ẹ̀gì kan náà, torí dísù tí D4D ń dá padà pọ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kó máa lọ sí tánkì, kẹ́ẹ̀gì á tètè gbẹ. Má ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì sínú ibi tí èèyàn jókòó, má sì jẹ́ kí róbà sún mọ́ sálẹ́ńsà. Ẹ gbé ẹrù kan náà, ẹ gba ọ̀nà kan náà. Tí kò bá kú, pọ́ǹpù yín àti nọ́sù yín ò jẹ̀bi. Tó bá ṣì kú, tánkì àti gbogbo páìpù ẹ̀yìn ni kò jẹ̀bi.

Awakọ̀ Ọ̀fà

Kí ló dé tí ẹ ń yí i po báyìí? Ẹ fi sípánà 17 tú nọ́ọ̀tì orí nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀, kí ẹnì kan máa sítáàtì, afẹ́fẹ́ á jáde, dísù á tẹ̀ lé e, ẹ dè é padà. Kí ẹ sì yẹ sólẹ́nọ́ìdì orí pọ́ǹpù wò, fáàfù oníná tó ń ṣí ọ̀nà fún dísù: tí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́ kó dún "tá". Tí kò bá dún, wáyà rẹ̀ ti já tàbí òun fúnra rẹ̀ ti jóná.

Mẹkáníìkì Gánmọ̀

Ẹ̀gbọ́n, fún àwọn ẹ́ńjìnì dísù àtijọ́ bíi 2L, 3L àti 5L, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, sólẹ́nọ́ìdì náà sì máa ń pa wọ́n gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú nọ́ọ̀tì orí nọ́sù D4D nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí. Pírẹ́ṣọ̀ inú páìpù yẹn lè kọjá 1,300 bar. Táyà Hilux fúnra rẹ̀ ò tó 4 bar. Dísù tó bá tú jáde níbẹ̀ á gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Ojú ọgbẹ́ náà á kéré, ó lè má dun ẹni lákọ̀ọ́kọ́, èèyàn á sì rò pé kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ dísù ti ń ba ẹran ọwọ́ jẹ́ nínú. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí a gbé onítọ̀hún lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n là á kí wọ́n fọ̀ ọ́, kì í ṣe kí a fi ìpara pa á. Tí ẹ bá ń wá ibi tó ń jò lára D4D, páálí ni kí ẹ nà síbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́.

Kò sì sídìí tí a fi ń tú u. Tí dísù bá ti dé ẹnu pọ́ǹpù ńlá, D4D á lé afẹ́fẹ́ tó kù jáde fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà ìpadà.

Ríwáyà Táíwò

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì. Àmọ́ iná ẹ́ńjìnì tó tàn lẹ́ẹ̀kan yẹn, ẹ má fojú fò ó dá. Ó lè ti lọ lójú, kí kóòdù rẹ̀ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ kà á kí ẹnikẹ́ni tó já bátìrì, torí tí ẹ bá já bátìrì, ẹ lè pa ẹ̀rí náà rẹ́. P0087 ń sọ pé pírẹ́ṣọ̀ dísù kéré jù. P0335 ni sẹ́ńsọ̀ kíráńkì, P0340 ni ti káàmù. P1229 ń tọ́ka sí pọ́ǹpù ńlá àti fáàfù rẹ̀.

Níbi tí ọkọ̀ bá kú sí gan-an, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ tan kọ́kọ́rọ́. Iná ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tàn. Tí kò bá tàn rárá, kọ̀ǹpútà ò rí iná jẹ: ẹ wo fíúsì EFI àti rílè rẹ̀ nínú àpótí fíúsì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè yọ rílè mìíràn tí nọ́ńbà ara rẹ̀ jọ tirẹ̀ pátápátá, kí ẹ fi dán an wò. Lẹ́yìn náà ẹ sítáàtì, kí ẹ wo abẹ́rẹ́ RPM. Tó bá ń mì sókè díẹ̀ bí sítátà ṣe ń yí i, sẹ́ńsọ̀ kíráńkì ń ríran. Tó bá sùn sórí òdo láìmira, tó sì jẹ́ pé tó bá tutù tán ló ń mì, sẹ́ńsọ̀ yẹn ni ooru ń dá dúró. Láìrí àmì rẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní pàṣẹ fún nọ́sù láti yìn, kódà kí dísù kún gbogbo páìpù. Ẹ̀rọ ìkàwé á tún fi yé yín ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ti bátìrì: nígbà tí ọkọ̀ sùn, 12.4 sí 12.7 fóòtì. Nígbà tí sítátà ń yí, kó má ṣe wálẹ̀ kọjá 9.6. Bátìrì tuntun ò ní kí wáyà ilẹ̀ má dípẹta. Ẹ tú èyí tó lọ sí ara ẹ́ńjìnì àti èyí tó lọ sí ara ọkọ̀, kí ẹ fi sánpépà ha á kó dán. Ẹ má sì yí sítátà kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 15 lẹ́ẹ̀kan, kí ó sinmi fún 30 kí ẹ tó tún yí i. Ọ̀pọ̀ sítátà ló ti jóná torí ọkọ̀ tí kò rí dísù.

Ọ̀gá Pọ́ǹpù, Ẹyẹ́nkorin

Kí n fi èyí tó kàn mí kún un, bóyá ìdánwò kẹ́ẹ̀gì á sọ pé iwájú ni ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Lára pọ́ǹpù ńlá, fáàfù kékeré kan wà tí a ń pè ní SCV, bóòtù 2 ló dè é mọ́ ọn. Òun ló ń díwọ̀n dísù tó ń wọ pọ́ǹpù. Tó bá ń há, abẹ́rẹ́ RPM á máa sọ̀ kalẹ̀ á máa gòkè nígbà tí ọkọ̀ dúró, ọkọ̀ á kú, kò sì ní jí nígbà tó bá gbóná. Tí ẹ bá ti tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ tó le, tí abẹ́rẹ́ RPM sì ń mì, síbẹ̀ tí kò jí, ẹ fi àkísà tó rin fún omi tútù bo SCV fún ìṣẹ́jú 5. Àkísà ni mo wí o, ẹ má da omi lu ẹ́ńjìnì gbígbóná, irin lè là. Tó bá jí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti rí i. Ohun tí mítà gbọ́dọ̀ kà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ju nǹkan bí 2 ohm lọ nígbà tó tutù. Ṣùgbọ́n kíka 2 ohm ò sọ pé kò há o, wáyà inú rẹ̀ nìkan ni mítà ń wò. Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yọ ti àtijọ́ mú dání lọ, nítorí oríṣi rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, gígùn wọn ò sì dọ́gba. Ẹ fọ gbogbo àyíká rẹ̀ mọ́ kí ẹ tó yọ ọ́. Iyanrìn ẹyọ kan tó bá bọ́ sínú ihò yẹn ti pa pọ́ǹpù.

Ti nọ́sù, ẹ kì í fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Ẹ fi ẹ̀rọ ka pírẹ́ṣọ̀ dísù nígbà tí sítátà ń yí. Tí kò bá tó nǹkan bí 25 MPa (ìyẹn 250 bar), kọ̀ǹpútà ò ní jẹ́ kó gbà. Nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 30 sí 40. Tí pírẹ́ṣọ̀ ò bá gòkè bẹ́ẹ̀ tí dísù ń wọlé dáadáa, ẹ wọn ìpadà nọ́sù: ẹ fi róbà kọ̀ọ̀kan da ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìgò rẹ̀, ìgò 4 tí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Èyí tó bá kún ju àwọn yòókù lọ fíìfíì ni kí ẹ yọ. Ẹyọ kan lè máa dá pírẹ́ṣọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Nígbà tí ẹ bá sì yọ nọ́sù kankan, ẹ ò gbọdọ̀ dá wáṣà bàbà ìdí rẹ̀ padà, tuntun ni kí ẹ fi sí. Tí wáṣà yẹn bá ń jò, èédú á máa wọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, á lọ dí asẹ́ ọ́ìlì nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì jẹ ara rẹ̀. Ìyẹn burú ju ọkọ̀ tó ń kú lójú ọ̀nà lọ.

Ẹ yẹ dísù fúnra rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ẹ tú kọ́ọ̀kì ìdí fílítà bí yíyí kan, kí ẹ tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ kí ó dà sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Omi á sùn sísàlẹ̀. Tí ẹ bá rí nǹkan dúdú bí ẹ̀kọ tó bàjẹ́, ó ti hù nínú tánkì, asẹ́ yín ń bọ̀ wá dí. Tí ẹ bá rí ohun tó ń dán bí irin lílọ̀, pọ́ǹpù ti ń jẹ ara rẹ̀. Dísù tí wọ́n da kẹrosíìnì lù máa ń fà á, torí dísù náà ló ń fi ọ̀rá sí ara pọ́ǹpù.

Oníṣu Ìgbájà

Ọlọ́run á san yín lẹ́san, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èsì rèé.

Ó tún kú kọjá Ìdófìàn, tánkì ń lọ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdérí tánkì ò dún. Abẹ́rẹ́ RPM ń mì. Pọ́ǹpù ọwọ́ rọ̀, ó ń gòkè padà, bí ìgbà 50 ni mo tẹ̀ ẹ́ kó tó le, ó sì jí lójú ẹsẹ̀, láìdúró rárá. Kóòdù tó wà nínú rẹ̀ ni P0087 nìkan. Róbà tó mọ́ gaara: nígbà tí tánkì kún, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó wálẹ̀ kọjá ìdajì, afẹ́fẹ́ ń kọjá wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Mo fi kẹ́ẹ̀gì gbé àpò sìmẹ́ńtì 20 láti Ìlọrin dé Àjàṣẹ́-Ìpo, kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dísù inú ìgò mọ́, àfi ìpẹta díẹ̀.

Mẹkáníìkì Gánmọ̀

Ẹ ti yanjú rẹ̀ tán. Tánkì tó kún tí kò ṣe nǹkan kan, tí ìdajì sì ń mú afẹ́fẹ́ wá: tó bá jẹ́ róbà ìta ló lu, ì bá máa fa afẹ́fẹ́ yálà tánkì kún tàbí kò kún. Páìpù irin tó ń fa dísù nínú tánkì ni ìpẹta ti lu, níbi gíga ìdajì tánkì. Tí dísù bá bo ihò náà, dísù náà ni ihò ń fà. Tó bá wálẹ̀ kọjá rẹ̀, afẹ́fẹ́ dé. Nígbà tí ẹ bá sì ń gun òkè, dísù á sún sẹ́yìn, ihò á tètè gbẹ sí i.

Ẹ fa dísù inú tánkì kúrò kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀; lítà 40 nìkan ti wúwo tó 33 kg, ẹ fi jáàkì àti pákó gbà á lábẹ́. Ẹ kọ ibi tí róbà kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, kí ẹ má baà fi ìfà sí ìpadà. Tí ẹ bá ti yọ páìpù náà, ẹ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ rì í sínú omi, ẹ fẹ́ ẹ lẹ́nu òkè: omi á hó níbi tó lu. Tí ẹ bá rí odidi rẹ̀ tó ṣì dára rà, ẹ rà á. Tí kò bá sí, wẹ́dà tó mọ bàbà lò lè dí i, ṣùgbọ́n páìpù nìkan ni ẹ máa gbé lọ bá a. Kí wẹ́dà má ṣe gbé iná sún mọ́ tánkì, bó ti wù kí ó gbẹ tó. Oru dísù tó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàmù.

Bí tánkì bá ti wà nílẹ̀, ẹ fọ asẹ́ àti ìdí tánkì, kí ẹ pààrọ̀ róbà ìfà àti ìpadà tó wà lórí rẹ̀, nítorí ẹ ò ní fẹ́ tún un sọ̀. Róbà dísù ni kí ẹ rà, kì í ṣe róbà omi, ìyẹn á wú, á sì fọ́ láàárín oṣù díẹ̀. Róbà tó mọ́ gaara tí ẹ fi dán an wò náà, ẹ yọ ọ́, kò ṣeé fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Oníṣu Ìgbájà

A sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lónìí. Ihò 2 ni, ọ̀kan tó orí abẹ́rẹ́, èkejì là ní gígùn bí 1 cm, bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́. A rí páìpù pẹ̀lú asẹ́ rẹ̀ rà. Ṣé ó tún ku nǹkan kan kí n tó di ẹrù?

Ọ̀gá Pọ́ǹpù, Ẹyẹ́nkorin

Ẹ pààrọ̀ fílítà lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun, torí ìpẹta páìpù yẹn ti wọ inú rẹ̀. Ẹ tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ kó le kí ẹ tó sítáàtì, kí ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 kó gbóná, kí wọ́n wá pa kóòdù P0087 rẹ́. Ẹ jẹ́ kí dísù wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin tánkì, ẹ gbé ìdajì ẹrù gun òkè. Tí kóòdù náà kò bá padà wá, ẹ di ẹrù yín kó kún.